Ta ló ti dé Zhaoling rí? Ibojì ọba Tang lórí òkè Jiuzong, láti Xi'an

Àṣàkẹ́_Xian

Ẹ kú ọjọ́ mẹ́ta o, ẹ̀yin ará ilé. Xi'an ni mo ti ń kàwé. Ẹ̀gbọ́n mi ọkùnrin tó ń ṣòwò ní Guangzhou ń bọ̀ wá kí mi ní ìparí oṣù Kẹwàá. Ó ti rí àwọn ọmọ ogun alámọ̀ ti Qin Shi Huang, ọba àkọ́kọ́ tó so Ṣáínà pọ̀, nígbà tó kọ́kọ́ wá, ó ní orí èrò lòun rí, òun ò rí ọmọ ogun. Ó ní kí n mú òun lọ síbi tí ariwo ò sí. Mo wá ń rò ó pé kí n mú un lọ sí Zhaoling, ibojì ọba Taizong ti ìdílé Tang, lórí òkè Jiuzong ní agbègbè Liquan. Gbogbo ohun tí mo rí kà nípa rẹ̀, ìtàn ni. Kò sẹ́ni tó sọ bí wọ́n ṣe ń débẹ̀ tàbí ohun tí wọ́n ń bá níbẹ̀. Ọjọ́ Sátidé kan ṣoṣo la ní, orúnkún ẹ̀gbọ́n mi kan sì ń dùn ún. Ó lè rìn, àmọ́ kò lè gun àtẹ̀gùn púpọ̀. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ gbà mí nímọ̀ràn.

Jàgùnlabí

Ẹ lọ sí Qianling, ẹ fi Zhaoling sílẹ̀. Ní Qianling, ọ̀nà gbọọrọ ló wà, ère òkúta tò lọ́tùn-ún lósì. Ibẹ̀ ni wọ́n sin Wu Zetian, obìnrin tó jọba Ṣáínà, àti ọkọ rẹ̀, ọba Gaozong sí. Òkúta ńlá tí wọn ò kọ nǹkan kan sí nígbà tí wọ́n gbé e dúró wà níbẹ̀, ó ga ju mítà 7 lọ. Ère àwọn àlejò ilẹ̀ òkèèrè 61 náà dúró, wọ́n ti gé orí wọn. Mọ́tò ń dé ẹnu ọ̀nà, ilé oúnjẹ wà, ilé ìtura wà. Kí lẹ fẹ́ lọ wò ní Zhaoling? Òkè ni.

Ọ̀mọ̀wé_Arìnká

Àṣàkẹ́, Jàgùnlabí ò parọ́, òkè ni. Òkè yẹn gan-an sì ni ibojì.

Ayaba Zhangsun ló kọ́kọ́ wọ ibẹ̀. Ó kú ní ọdún 636. Kó tó kú, ó bẹ ọkọ rẹ̀ pé kí wọ́n má tìtorí òkú òun ni ará ìlú lára, kí wọ́n fi òkè ṣe ibojì òun, kí wọ́n má wulẹ̀ mọ òkìtì. Ọba gbà fún un. Wọ́n gbẹ́ inú àpáta wọlé láti ojú gúúsù, ibi tí òkè ti dá gérégéré. Nígbà tí Taizong fúnra rẹ̀ wàjà ní 649, wọ́n gbé e lọ bá a. Gaozu tó jẹ́ bàbá Taizong, abẹ́ òkìtì erùpẹ̀ ni wọ́n sin ín sí. Orí Taizong ni àwọn ọba Tang ti bẹ̀rẹ̀ sí í fi òkè ṣe ibojì. Qianling tí Jàgùnlabí ń pọ́n un, ọmọ Taizong ló ni ín, ọ̀dọ̀ bàbá rẹ̀ ló ti rí i kọ́.

Àkọsílẹ̀ ayé ìgbà yẹn sọ pé ọ̀nà onígi ni wọ́n so mọ́ ara àpáta, ó yí po fún ìṣísẹ̀ 230 kéèyàn tó dé ẹnu ibojì. Nígbà tó yá, wọ́n tú u kúrò kí ẹnikẹ́ni má baà débẹ̀ mọ́. Nítorí náà, kò sí ẹnu ọ̀nà tí ẹ máa wọ̀, kò sí yàrá ibojì tí ẹ máa rí. Kí ẹ̀gbọ́n yín ti mọ èyí kó tó kúrò ní Guangzhou, kó má lọ máa bi yín pé ibojì dà.

Ohun tó wà fún ojú, apá àríwá òkè ló wà, ibi tí wọ́n ń pè ní 北司马门, ẹnubodè àríwá. Ibẹ̀ ni wọ́n ti ń ṣe ètùtù fún ọba. Taizong ti bá ọ̀pọ̀ ilẹ̀ jagun, ó sì ti gba ọ̀pọ̀ mọ́ra. Wọ́n wá gbẹ́ ère àwọn ọba àti olórí 14 láti ilẹ̀ òkèèrè, wọ́n tò wọ́n síbẹ̀ kí wọ́n máa dúró tì í. Àwọn olórí Turk wà níbẹ̀, ọba Tibet wà níbẹ̀, ọba Gaochang wà níbẹ̀, títí kan ọba Linyi, ní apá ibi tí à ń pè ní Vietnam báyìí. Àwọn ẹṣin òkúta mẹ́fà tí gbogbo ayé ń sọ̀rọ̀ wọn wà níbẹ̀ pẹ̀lú, mẹ́ta lápá kan, mẹ́ta lápá kejì. Nígbà tí àwọn awalẹ̀pìtàn wa ibẹ̀ ní 2002 sí 2003, wọ́n rí ìpìlẹ̀ ẹnubodè àti ti àwọn gbọ̀ngàn tó tẹ̀ lé ara wọn sọ̀kalẹ̀ lára òkè. Wọ́n rí àfọ́kù àwọn ère náà: orí níhìn-ín, àyà lọ́hùn-ún, àti ìdí òkúta tí wọ́n kọ orúkọ ọba kọ̀ọ̀kan sí.

Gbogbo nǹkan wọ̀nyẹn ti kúrò lórí òkè. Tí ẹ bá gun òkè kí ẹ tó lọ sí ilé ìṣẹ̀ǹbáyé, ìpìlẹ̀ òkúta àti koríko ni ẹ máa rí, atẹ́gùn á sì máa fẹ́ yín. Tí ẹ bá kọ́kọ́ wọ ilé ìṣẹ̀ǹbáyé Zhaoling ní ìsàlẹ̀, ní ìlú kékeré Yanxia, tí ẹ rí àwọn àfọ́kù, tí ẹ ka orúkọ wọn, ẹ máa mọ ibi tí ohun kọ̀ọ̀kan dúró sí nígbà tí ẹ bá débẹ̀. Ìsàlẹ̀ ṣáájú, òkè tẹ̀ lé e. Ẹ má yí i padà.

Táíwò_Ìbàdàn

Mo kàwé ní Xi'an kí n tó padà sílé. Tí ẹ bá tẹ Zhaoling nìkan sórí máàpù, ó lè gbé yín lọ síbòmíràn, nítorí ibojì ọba mìíràn ń jẹ́ orúkọ yẹn, wọ́n sì ń kọ ọ́ bákan náà. Ọ̀kan wà ní Shenyang, ti Hong Taiji ti ìdílé Qing. Òmíràn wà láàárín àwọn ibojì Ming lẹ́yìn Beijing. Ẹ kọ 唐昭陵 fún òkè, ẹ kọ 昭陵博物馆 fún ilé ìṣẹ̀ǹbáyé. Ibi méjì ọ̀tọ̀ọ̀tọ̀ ni, ẹ má rò pé ẹ máa fẹsẹ̀ rìn láti ìkan dé èkejì. Ẹ lo Amap, áàpù máàpù ti Ṣáínà. Google Maps ò ṣeé gbára lé ní Ṣáínà, kódà tí ẹ bá ní VPN, àmì rẹ̀ máa ń yẹ̀ kúrò lójú ọ̀nà.

Bàbá_Guangzhou

Àṣàkẹ́ ọmọ mi, ẹ jẹ́ ká sọ̀rọ̀ mọ́tò, nítorí ibẹ̀ ni wàhálà wà.

Láti Xi'an dé ibẹ̀, bíi kìlómítà 80 ni sí àríwá ìwọ̀ oòrùn. Rélùwéè ayára-bí-àṣá tó ń lọ sí Yinchuan, tí wọ́n ṣí ní ìparí 2020, ní ibùdókọ̀ kan tó ń jẹ́ Liquan Nan. Ẹ lè wọ̀ ọ́ láti Xi'an Bei. Àmọ́ kì í ṣe gbogbo rẹ̀ ló ń dúró níbẹ̀. Ẹ wo wákàtí àlọ àti ti àbọ̀ pa pọ̀ kí ẹ tó sanwó. Tí ẹ bá sọ̀ kalẹ̀ ní Liquan, Didi, áàpù tí wọ́n fi ń pe takisí, máa gbé yín lọ sórí òkè, kò ní kọ̀. Ta ló máa wá gbé yín padà? Èrò ò sí lókè, kí ni dẹ́rẹ́bà máa wá ṣe níbẹ̀? Ẹ máa jókòó ti fóònù, áàpù á máa yí po, yí po, bátìrì á máa lọ sílẹ̀.

Ṣátà ni kí ẹ ṣe. Ẹ wá dẹ́rẹ́bà kan tó máa wà pẹ̀lú yín láti àárọ̀. Ẹ dúnàá dúrà lórí WeChat, kì í ṣe lẹ́nu, kí gbogbo ẹ̀ wà ní kíkọ: ibi tí ẹ ń lọ, pé ilé ìṣẹ̀ǹbáyé wà níbẹ̀, pé apá àríwá òkè wà níbẹ̀, pé á dúró dè yín, pé owó epo àti owó ẹnubodè ojú ọ̀nà wà nínú ohun tí ẹ jọ sọ. Àwa kan fẹnu lásán bá dẹ́rẹ́bà sọ ọ́ nígbà kan. Ó já wa sílẹ̀, ó ní òun fẹ́ ra omi, ọ̀dọ̀ èrò mìíràn ló gbà lọ. Ọkọ̀ àgbẹ̀ tó kó ápù la bá sọ̀ kalẹ̀, èmi àti àpótí ápù jọ jókòó sẹ́yìn. Nítorí náà, ìdajì owó kí ẹ tó gbéra, ìdajì nígbà tí ẹ bá padà dé Xi'an. Ẹni tó bá fẹ́ gba gbogbo rẹ̀ láàárọ̀, ẹ wá ẹlòmíràn.

Àṣàkẹ́_Xian

Háà, ẹ ṣé gan-an, sà. Ápù sì wà níbẹ̀ lóòótọ́, gbogbo ápù tí wọ́n ń tà nítòsí hósítẹ́lì wa, Liquan ni wọ́n ń sọ pé ó ti wá. Ọ̀rọ̀ orúnkún ńkọ́? Ṣé ibi tí mọ́tò ń dúró sí jìnnà sí ẹnubodè àríwá?

Ọ̀mọ̀wé_Arìnká

Ọ̀nà mọ́tò gun òkè náà dé tòsí ibi tí wọ́n wa. Èyí tó kù, ẹsẹ̀ ni, àmọ́ kì í ṣe ohun tó máa pa ẹni tí orúnkún ń dùn tó bá ń rọra rìn. Ìpìlẹ̀ àwọn gbọ̀ngàn náà wà ní ìpele ìpele, torí náà ẹ lè jókòó lórí ìpele ìsàlẹ̀ kí ẹ máa wò ó lókè. Ṣóńṣó òkè ni kí ẹ má dábàá rẹ̀. Ó ga tó mítà 1,188, eruku pupa-rẹ́súrẹ́sú tó bo apá púpọ̀ nínú Shaanxi, ìpínlẹ̀ tí Xi'an wà, ló wà lójú ọ̀nà ibẹ̀. Tí òjò bá rọ̀ lálẹ́ ọjọ́ Jímọ̀, ẹ fi òkè sílẹ̀ pátápátá, kódà ẹni tí orúnkún rẹ̀ le. Erùpẹ̀ yẹn máa ń yọ̀ bí ọṣẹ.

Àbẹ̀kẹ́_Philly

Ẹ kú ìjíròrò o. Mi ò tíì dé Ṣáínà rí, ṣùgbọ́n méjì nínú ẹṣin mẹ́fà tí Ọ̀mọ̀wé ń sọ yẹn, Philadelphia níbí ni wọ́n wà, ní ilé ìṣẹ̀ǹbáyé Penn. Wọ́n dé ibí ní 1918. Ọ̀kan ń jẹ́ Saluzi, èkejì ń jẹ́ Quanmaogua. Mo mú àwọn ọmọ mi lọ, mo rò pé wọ́n máa sá lọ sọ́dọ̀ òkú Íjíbítì, àmọ́ iwájú Saluzi ni wọ́n dúró sí.

Àwọn ẹṣin mẹ́fẹ̀ẹ̀fà jẹ́ ẹṣin tí ọba gùn lójú ogun kó tó gorí oyè. Saluzi nìkan ni èèyàn wà lára rẹ̀. Wọ́n ta á lọ́fà láyà lójú ogun Luoyang ní 621, ọ̀gágun Qiu Xinggong sì sọ̀ kalẹ̀ láti fa ọfà náà yọ. Ohun tí wọ́n gbẹ́ nìyẹn. Tí ẹ bá sún mọ́ ọn, ẹ máa rí i pé ẹṣin náà ti fa ara sẹ́yìn, ó gbé ìwúwo rẹ̀ lé ẹsẹ̀ ẹ̀yìn, ó fi orí ti ọkùnrin náà. Ọkùnrin yẹn fi ọwọ́ méjèèjì di ìdí ọfà mú. Apó ọfà tirẹ̀ rọ̀ lẹ́gbẹ̀ẹ́ ìgbánú rẹ̀. Irun ọrùn ẹṣin náà, wọ́n dì í ní ìdì mẹ́ta, ó dúró ṣánṣán. Quanmaogua ní tirẹ̀, ọfà mẹ́sàn-án ni ìtàn sọ pé ó bá a, síbẹ̀ ńṣe ló ń rìn lọ.

Ojú ibi tí wọ́n ti fọ́ hàn gbangba. Wọ́n fọ́ wọn kí wọ́n lè gbé wọn, wọ́n sì lẹ̀ wọ́n padà. Ilà ibi tí wọ́n ti pín gba ikùn ẹṣin kọjá. Inú bí ọmọ mi àgbà, ó bi mí pé ta ló fún wọn láṣẹ. Mo ní kó béèrè lọ́wọ́ àwọn tó ni ilé ìṣẹ̀ǹbáyé.

Ẹ̀yin tó wà ní Amẹ́ríkà tí ẹ fẹ́ lọ, ẹ wo ìkànnì wọn kí ẹ tó gbéra, torí wọ́n máa ń ti gbọ̀ngàn kan láti tún un ṣe.

Ọ̀mọ̀wé_Arìnká

Màmá Philly, ẹ ṣeun. Mẹ́rin tó kù wà ní Xi'an, ní ilé ìṣẹ̀ǹbáyé Beilin, nínú ọgbà àwọn òkúta àkọsílẹ̀. Wọ́n ṣe ẹ̀dà méjì ti Amẹ́ríkà, wọ́n tò ó mọ́ wọn kí ó lè pé mẹ́fà. Àwọn mẹ́rin wọ̀nyẹn náà, àwọn tó fẹ́ kó wọn lọ ti fọ́ wọn kí ọwọ́ tó tẹ àwọn èèyàn náà ní 1918.

Àṣàkẹ́, tí ẹ̀gbọ́n yín bá dé lálẹ́ Ọjọ́bọ̀, ẹ fi ọjọ́ Jímọ̀ lọ sí Beilin. Tíkẹ́ẹ̀tì rẹ̀, orí WeChat ni ẹ ti máa gbà á sílẹ̀ pẹ̀lú nọ́ńbà pásípọ́ọ̀tù. Ẹ má dúró di ẹnu ọ̀nà.

Ọmọ_Ìjẹ̀bú

Mo ní ìbéèrè kékeré kan. Ṣé wúrà ṣì wà nínú òkè yẹn? Mo kàn ń béèrè ni o. 😂

Táíwò_Ìbàdàn

Ìjẹ̀bú, o ò lè ṣe kí o má béèrè!

Ọ̀mọ̀wé_Arìnká

Taizong ti dá ẹ lóhùn. Lẹ́yìn tí wọ́n sin ayaba, ó ní kí wọ́n kọ ọ́ sára òkúta pé kò sí wúrà, kò sí òkúta iyebíye nínú ibojì yìí, àwòrán igi àti amọ̀ lásán ló wà níbẹ̀, kí ọkàn olè lè kúrò níbẹ̀.

Ọkàn olè ò kúrò. Lẹ́yìn tí ìdílé Tang wó, olórí ogun kan tó ń jẹ́ Wen Tao ń ṣàkóso agbègbè yẹn. Ó tú fẹ́rẹ̀ẹ́ gbogbo ibojì àwọn ọba Tang tó wà lábẹ́ rẹ̀. Ìtàn ìgbà náà sọ pé Zhaoling ló le jù láti wọ̀. Ó gba inú ihò sọ̀ kalẹ̀, ó bá ilé bí ilé alààyè, àpótí òkúta wà lórí ibùsùn òkúta, àpótí irin wà nínú ti òkúta. Ohun tó wà nínú rẹ̀ ni ìwé ọwọ́ àwọn ọ̀gá akọ̀wé àtijọ́, Zhong You àti Wang Xizhi, bébà àti tàdáwà rẹ̀ dà bíi tuntun. Ìwé! Ó kó wọn jáde, wọ́n sì tú ká sáàárín ayé. Qianling nìkan ni Wen Tao ò rí ṣí, wọ́n ní gbogbo ìgbà tó bá gbìyànjú ni ìjì àti òjò máa ń dé.

Jàgùnlabí

Ẹ ò rí i? Qianling kì í ṣe ẹgbẹ́ Zhaoling. 😄

Ọmọ_Ìjẹ̀bú

Ó dáa, mo ti gbà. Drone ńkọ́? Mo fẹ́ fi ya àwòrán òkè náà láti òkè.

Bàbá_Guangzhou

Má gbé e lọ, ọmọ mi. Drone ní Ṣáínà, o gbọ́dọ̀ fi orúkọ rẹ̀ sílẹ̀ lọ́dọ̀ ìjọba kó tó fò, ibi mìíràn sì wà tí wọn kì í gbà á láyè rárá. Ohun mìíràn tí àwọn ọmọ ilẹ̀ òkèèrè ò mọ̀: wíwọn ilẹ̀ àti yíya máàpù ibi kan láìgba àṣẹ jẹ́ ẹ̀ṣẹ̀ lábẹ́ òfin níbẹ̀. Má máa fi irinṣẹ́ wọn ìpìlẹ̀ òkúta kiri. Fóònù tó láti ya àwòrán.

Táíwò_Ìbàdàn

Kí n fi kún ti Bàbá: ẹ máa rí àfọ́kù amọ̀ òrùlé àti ìkòkò nílẹ̀, pàápàá lẹ́yìn òjò àti nínú oko àwọn àgbẹ̀ ní ìsàlẹ̀ òkè. Ẹ má mú un. Gbogbo ohun àtijọ́ tó wà lábẹ́ ilẹ̀ Ṣáínà, ìjọba ló ni ín, kódà àfọ́kù tí kò tó àtàǹpàkò. Bí wọ́n bá rí i nínú báàgì yín ní pápákọ̀ òfurufú, àlàyé ò ní wọlé. Bákan náà, òkìtì tí ẹ bá rí láàárín oko, ibojì ni ọ̀pọ̀ wọn. Àwọn ọmọ ọba, àwọn ìjòyè, àwọn ọ̀gágun tí wọ́n sin yí ọba ká lé ní 180. Ẹ má gun orí wọn nítorí àwòrán.

Àṣàkẹ́_Xian

Mo gbọ́. Nínú àwọn 180 yẹn, ṣé èyí tó yẹ ká yà wò wà?

Ọ̀mọ̀wé_Arìnká

Ọ̀kan ti wà nínú ilé ìṣẹ̀ǹbáyé fúnra rẹ̀. Ẹ̀yìn ilé náà ni òkìtì ọ̀gágun Li Ji wà, orí mẹ́ta ló ní, wọ́n fi ṣe ìrántí àwọn òkè tó ti ṣẹ́gun. Fìlà oyè rẹ̀ tí wọ́n rí nígbà tí wọ́n wa ibojì náà ní 1971 wà nínú gíláàsì. Ẹ tún wá ìrù òrùlé kan tí wọ́n mú láti gbọ̀ngàn apá gúúsù, ohun amọ̀ dídán tó máa ń wà ní ìkángun òrùlé ààfin. Ó ga tó mítà kan àbọ̀. Èyí tó wà lórí òrùlé lókè tó báyẹn, ẹ wá fi díwọ̀n bí gbọ̀ngàn náà fúnra rẹ̀ ṣe máa tóbi tó.

Èkejì ni ti Wei Zheng, tí àyè bá wà. Òun ni ìjòyè tó máa ń sọ òótọ́ fún ọba lójú. Nígbà tó kú ní 643, ọba fúnra rẹ̀ kọ ọ̀rọ̀ orí òkúta rẹ̀. Àwọn ọ̀tá rẹ̀ wá ba orúkọ rẹ̀ jẹ́ lẹ́yìn ikú, ọba bínú, ó ní kí wọ́n wó òkúta náà lulẹ̀. Nígbà tí ọba lọ bá Goguryeo, ìjọba kan ní apá Korea àtijọ́, jà tí kò rí ojúure, ó ní ká ní Wei Zheng wà láyé, kò ní jẹ́ kí òun lọ. Ó ní kí wọ́n gbé òkúta náà dúró padà. Ó dúró títí dòní, kò sí ọ̀rọ̀ kankan lójú rẹ̀. Jàgùnlabí, o ò nìkan ní òkúta tí kò sọ̀rọ̀. Ara òkè kan lọ́tọ̀ ló wà, ẹ jẹ́ kí dẹ́rẹ́bà béèrè ọ̀nà lọ́wọ́ ará abúlé.

Ìyá_Fẹ́mi

Ẹ kú ọjọ́ mẹ́ta. Ọkọ mi kàwé ní Xi'an, mo bá a gbé níbẹ̀. Ẹ̀yin ọkùnrin ń sọ̀rọ̀ òkúta, ẹ ò sọ̀rọ̀ ikùn. Kò sóúnjẹ gidi lórí òkè. Ẹ gbé omi, ẹ gbé búrẹ́dì, ẹ gbé tíṣù pẹ̀lú, torí ilé ìgbọ̀nsẹ̀ ibẹ̀, ìlóṣòó ni, bébà ò sí. Tí ẹ bá sọ̀ kalẹ̀, abúlé Yuanjiacun kò jìnnà sí ilé ìṣẹ̀ǹbáyé, gbogbo Xi'an ló ń lọ jẹun níbẹ̀ lópin ọ̀sẹ̀. Ẹ máa bá èrò níbẹ̀ ní Sátidé, àmọ́ oúnjẹ yẹn dùn. Wọ́n ń fi ọlọ lọ ata lójú ẹni, wọ́n ń ta yúgọ́ọ̀tì inú ìkòkò, núdù oríṣiríṣi. Ẹ ra ata náà lọ sílé. Ata wọn ń ta sánsán, kò tó tiwa, ṣùgbọ́n á ṣe.

Ọ̀rọ̀ otútù: ìparí oṣù Kẹwàá dára. Ẹ mú jákẹ́ẹ̀tì, apá àríwá ni ẹ ń lọ, oòrùn kì í pẹ́ kúrò níbẹ̀. Ẹni tó bá fẹ́ lọ ní oṣù Kejìlá, kó rò ó dáadáa, ilẹ̀ ń ṣú ṣáájú aago mẹ́fà, yìnyín sì lè wà lójú ọ̀nà òkè. Ọ̀sẹ̀ àkọ́kọ́ oṣù Kẹwàá ni kí ẹnikẹ́ni má gbìyànjú, ìsinmi ìjọba ni, gbogbo Ṣáínà ló ń rìn kiri.

Wọ́n máa wò yín o. Àwọn bàbá àti ìyá abúlé, wọn ò rí aláwọ̀ dúdú púpọ̀. Wọ́n máa fẹ́ ya fọ́tò pẹ̀lú yín. Kí ẹ̀gbọ́n yín má bínú. Ẹ kí wọn ní èdè wọn, ẹ rẹ́rìn-ín. Ìyá kan fún mi ní kàǹgà ápù torí pé mo kí i.

Àṣàkẹ́_Xian

Kàǹgà kẹ̀, mà?

Ìyá_Fẹ́mi

Fóònù ló kọ ọ́. Apẹ̀rẹ̀. Apẹ̀rẹ̀ ápù kan!

Alábòójútó

Ìrántí fún gbogbo ẹni tó fẹ́ lọ: pásípọ́ọ̀tù tòótọ́ ni kí ẹ mú, kì í ṣe fọ́tò rẹ̀ nínú fóònù. Ẹ ò ní wọ rélùwéè láìsí i. Tí ẹ bá fẹ́ sùn ní Liquan, ẹ pe hòtẹ́ẹ̀lì ṣáájú, kí ẹ sọ pé ọmọ ilẹ̀ òkèèrè ni yín, torí wọ́n gbọ́dọ̀ fi orúkọ yín ránṣẹ́ sí ọlọ́pàá. Tó bá jẹ́ ilé ọ̀rẹ́ ni ẹ sùn, ẹ̀yin fúnra yín ló máa lọ sí àgọ́ ọlọ́pàá láàárín wákàtí 24. Ẹ so káàdì yín mọ́ Alipay tàbí WeChat kí ẹ tó kúrò ní Xi'an, ẹ sì mú owó bébà díẹ̀ lọ́wọ́ fún ọjọ́ tí nẹ́tíwọọ̀kì bá ṣe tirẹ̀.

Jàgùnlabí

Mo ti fi gbogbo ara gbọ́. Síbẹ̀, Qianling àti Zhaoling kò jìnnà síra, dẹ́rẹ́bà tí ẹ bá ṣátà lè gbé yín dé méjèèjì lọ́jọ́ kan náà. Kí ẹ̀gbọ́n rí ère tó dúró lẹ́sẹ̀ rẹ̀, kó má baà rò pé àbúrò òun tan òun.

Ọ̀mọ̀wé_Arìnká

Mi ò fọwọ́ sí i. Ẹ máa sáré méjèèjì, ẹ ò ní rí ọ̀kan. Ọ̀nà Qianling gùn, ó gun òkè díẹ̀díẹ̀, orúnkún máa ti rẹ̀ kí ẹ tó dé Zhaoling.

Bàbá_Guangzhou

Èmi ti rí ẹni tó ṣe é rí. Ó ṣeé ṣe tí ẹ bá kúrò ní Xi'an ní aago méje àárọ̀. Àmọ́ ẹni yẹn ò ní orúnkún tó ń dùn.

Àṣàkẹ́_Xian

Ẹ ṣeun, ẹ ṣeun, gbogbo yín pátá. Ohun tí mo fẹ́ ṣe rèé. Jímọ̀, Beilin, kí ẹ̀gbọ́n mi rí ẹṣin mẹ́rin. Sátidé, dẹ́rẹ́bà ṣátà láti Xi'an, ìdajì owó láàárọ̀. Ilé ìṣẹ̀ǹbáyé nígbà tí wọ́n bá ṣílẹ̀kùn, lẹ́yìn náà òkè, apá àríwá nìkan. Wei Zheng tí ilẹ̀ ò bá tíì ń ṣú. Yuanjiacun fún ata àti núdù nígbà àbọ̀. Tí òjò bá rọ̀ lálẹ́ Jímọ̀, a ó fi òkè sílẹ̀, a ó lọ sí Qianling bí Jàgùnlabí ṣe wí, kò ní sí ìjà.

Jàgùnlabí

Òjò á rọ̀. 😂

Bàbá_Guangzhou

Ó dáa bẹ́ẹ̀. Tí ẹ bá rí dẹ́rẹ́bà tó ṣe dáadáa, ẹ fi WeChat rẹ̀ ránṣẹ́ sí mi níkọ̀kọ̀, ẹ má gbé e sórí ìtàkùn yìí. Mo ní àwọn ará ilé kan tó ń bọ̀ láti Èkó ní oṣù Kọkànlá, wọ́n fẹ́ rí nǹkan kan yàtọ̀ sí ọjà.